Bí Sódíọ̀mù Yóò Ṣe Rí Ọ̀nà Gba Inú Òkúta Kọjá

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní Harobanda, ní ìlú Niamey

  Àwọn Zarma tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí ni wọ́n sọ àdúgbò yìí ní Harobanda, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “ẹ̀yìn omi,” nítorí pé òdìkejì odò ni ó wà sí ìlú àtijọ́. Odò náà kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Odò Ọya ni, òun kan náà tí ó gba Jẹ́bà kọjá lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹ̀yìn omi ni a wà, a kò sí ní ẹ̀yìn ilé.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ọ̀rọ̀ nípa bátìrì ni, pàápàá irú bátìrì kan tí kò ní omi nínú, tí ó ń lo sódíọ̀mù dípò lítíọ̀mù. Ìṣòro kan ni ó ti mú àwọn onímọ̀ ayé lómi lórí rẹ̀ fún ohun tí ó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún: báwo ni a ó ṣe jẹ́ kí sódíọ̀mù rìn gba inú ohun tí ó le bí òkúta kọjá, kí ó sì yára rìn? Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni èyí. Ẹni tí ó bá gbé Niamey láti oṣù August 2023 títí di oṣù February 2024 kò ní bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù July 2023 ni àwọn ológun gba ìjọba ní ilẹ̀ yìí. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí àjọ ECOWAS gbé ìjẹniníyà kalẹ̀, tí Nàìjíríà sì gé iná tí ó ń ti Birnin Kebbi wá sí Niamey. Ní ìgbà náà, bí a bá pín iná tí ilẹ̀ Niger ń lò sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bí méje nínú rẹ̀ ni ó ń ti Nàìjíríà wá. Èmi kò wá síbí láti ṣe ìdájọ́ lórí ọ̀ràn àwọn ìjọba. Ohun tí ó kàn wá ni pé aránṣọ, ẹni tí ń jó irin pọ̀, ìyá tí ń ta ẹja inú fìríìjì, ẹni tí ń lọ ata, gbogbo wọn ni iná kú mọ́ lórí, tí oòrùn sì ń ràn lókè wọn bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù February 2024 ni ECOWAS tó mú ìjẹniníyà náà kúrò.

Oòrùn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan kí ó tó ràn. Ní Gorou Banda, ní ìhà odò tí a wà yìí, wọ́n parí ibùdó iná oòrùn kan ní 2023 tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 30. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa wọ̀, àsìkò tí ó bá sì wọ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn ń dé ilé, tí wọ́n ń tan iná, tí wọ́n ń yí fáànù. Àgbẹ̀ tí ó kórè ọkà púpọ̀ tí kò ní àká, ọwọ́ ẹyẹ àti kòkòrò ni yóò fi ọkà rẹ̀ lé. Bátìrì ni àká iná, ẹni tí kò bá sì ní àká tí ó dára kò lè sọ pé òun ti ní ìkórè oòrùn.

Àká tí a ní lọ́wọ́ kò sì bá ilẹ̀ yìí mu. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra bátìrì olójé fún ilé yín mọ̀ pé èyí tí olùtajà pè ní bátìrì ọdún púpọ̀ a máa kú láàrin ọdún díẹ̀ péré. Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n rẹ̀: bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé lórí ìwọ̀n 25 Celsius, ẹ̀mí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ yóò dín kù dé ìdajì. Ní oṣù April, ooru Niamey a máa kọjá 40. Bátìrì lítíọ̀mù sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí iná lè ràn mọ́ bí bẹntiróòlù, ooru náà a sì máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é kò ní ìlú bíi Niamey lọ́kàn.

KÁÚN ÀTI IYỌ̀

Kí ni sódíọ̀mù? Òun ni ìdajì iyọ̀ tí à ń jẹ, ó sì pọ̀ nínú káún. Àwọn ará ilé wa tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì a máa pe káún ní potash, orúkọ náà kò sì tọ́ sí i, nítorí pé sódíọ̀mù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe potásíọ̀mù. Káún tí àwọn ìyá wa ń bù sí ewédú, tí àwọn àgbà ń pò mọ́ aṣáà, láti agbègbè Adágún Chad àti ilẹ̀ Manga ni ó ti ń wá láti ayébáyé. Iyọ̀ Bilma àti ti Fachi sì ń gun ràkúnmí la aginjù kọjá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Niger tàbí Nàìjíríà. Òwò sódíọ̀mù wà láàrin ilẹ̀ yìí àti ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó di pé òyìnbó fún sódíọ̀mù lórúkọ.

Nínú erùpẹ̀ ayé, sódíọ̀mù fi nǹkan bí ìlọ́po 1,000 pọ̀ ju lítíọ̀mù lọ. Ó ní àléébù tirẹ̀: ó wúwo ju lítíọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, bátìrì rẹ̀ yóò sì wúwo jù fún ẹni tí ó fẹ́ gbé e sápò. Ṣùgbọ́n àká kì í rìnrìn àjò. Bátìrì tí yóò jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn tàbí sí abẹ́ òpó tẹlifóònù, kí ni ìwúwo fẹ́ fi ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí bátìrì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Bátìrì ní ilé méjì, ògiri kan sì wà láàrin wọn. Bí sódíọ̀mù bá fẹ́ kúrò nínú ilé kan lọ sí èkejì, ó ní láti fi ohun kékeré kan sílẹ̀ tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Sódíọ̀mù tí ó ti bọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ ògiri àárín ni kí ó jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù kọjá, kí ó sì dènà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pátápátá. Nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò bá rí inú ògiri gbà, yóò gba wáyà ìta yí ká lọ bá ẹnìkejì rẹ̀, ojú ọ̀nà yìí ni a sì ti ń gbà á síṣẹ́, tí ó ń tan iná, tí ó ń yí fáànù. Nígbà tí oòrùn bá là, a ó fi agbára oòrùn dá gbogbo wọn padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kò lè rìn ní ìta bí áyọ́ọ̀nù kan kò bá rìn ní inú. Bí ìrìn inú ògiri bá falẹ̀, gbogbo bátìrì ni ó falẹ̀.

Nínú bátìrì tí a mọ̀, omi ni a fi rin ògiri náà, áyọ́ọ̀nù a sì máa lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Nínú irú tí à ń wá, ògiri náà gbẹ, ó le, iná kò sì lè ràn mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù kò lè lúwẹ̀ẹ́ nínú òkúta. Fífò ni ó ń fò láti àyè kan sí òmíràn, bí ẹni tí ń ti yàrá kan bọ́ sí yàrá kejì nínú agbo ilé ńlá. Kò lè bọ́ sí yàrá kejì bí ẹnìkan bá ti wà níbẹ̀. Kò sì lè bọ́ síbẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá fún jù fún un, áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju ti lítíọ̀mù lọ. Gbogbo ìwádìí tí mo fẹ́ ròyìn fún yín kò ju bí a ti ṣe lè fẹ ilẹ̀kùn, bí a ti ṣe lè dá yàrá sílẹ̀ ní òfìfo, àti bí a ti ṣe lè mú kí agbo ilé kan já sí èkejì.

ÌTÀN PRETORIA

Ní 1967, Joseph Kummer àti Neill Weber pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Amẹ́ríkà fi han ayé pé irú ohun amọ̀ kan tí à ń pè ní bétà-alumínà ń jẹ́ kí sódíọ̀mù kọjá nínú rẹ̀ lọ́nà ìyanu. Ohun amọ̀ yìí dàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn àjà rẹ̀ nípọn, wọ́n sì dí, ṣùgbọ́n láàrin àjà kan àti èkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà tí òpó díẹ̀ péré gbé ró, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni sódíọ̀mù ń sá kiri. Wọ́n fi í ṣe bátìrì tí sódíọ̀mù wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ògiri, tí imí ọjọ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ilé-iṣẹ́ NGK ti Japan sọ ọ́ di ohun títà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ṣùgbọ́n bátìrì yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá gbóná tó ìwọ̀n 300 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí sódíọ̀mù àti imí ọjọ́ yóò fi yọ́ di omi. Ní 2011, ọ̀kan nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ gbiná ní Tsukuba ní Japan, àwọn tí ó ni wọ́n sì dáwọ́ lílò ọ̀pọ̀ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè ṣàyẹ̀wò.

Ẹ̀ka kejì ìtàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù, nítorí pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ní Pretoria, ní ilé ìwádìí ìjọba South Africa tí à ń pè ní CSIR, ọ̀gbẹ́ni Johan Coetzer àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ mú bétà-alumínà náà, wọ́n sì fi níkẹ́ẹ̀lì àti iyọ̀ dípò imí ọjọ́. Wọ́n pe bátìrì wọn ní ZEBRA. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó wà lórí oyè ní ìgbà náà, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà dára. Ohun tí ó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ń to bátìrì ZEBRA, wọn kì í fi sódíọ̀mù tí ó léwu sí i rárá. Iyọ̀ lásán, irú èyí tí à ń jẹ, àti lẹ́búlẹ́bú níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi iná sí i fún ìgbà àkọ́kọ́, sódíọ̀mù yóò jáde nínú iyọ̀, yóò la ògiri kọjá, yóò sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ náà ti Pretoria kọjá sí Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé Jámánì, níbi tí AEG bá ilé-iṣẹ́ Anglo American dòwò pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì parí sí Stabio ní Switzerland. Ní 2012, GE ti Amẹ́ríkà ṣí ilé ìṣelọ́pọ̀ tirẹ̀ fún irú bátìrì kan náà ní Schenectady, ní ìpínlẹ̀ New York. Ta ni ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á? Ilé-iṣẹ́ Megatron Federal ti South Africa ni, fún àwọn òpó tẹlifóònù ní Nàìjíríà! Ọgbọ́n tí a hù ní Áfíríkà rìn yí ayé ká, ó sì padà wá di ọjà tí Áfíríkà ń fi owó rà fún Áfíríkà. Láàrin ọdún díẹ̀, GE dá ìṣelọ́pọ̀ náà dúró. Ẹni tí ó rà á kò ní ẹni tí yóò tún un ṣe fún un mọ́, nítorí pé ìmọ̀ rẹ̀ kò sí nílé.

ÒKÚTA TÍ KÒ NÍ LÁTI GBÓNÁ

Ìwádìí ti òde òní ń fẹ́ kí ògiri náà ṣiṣẹ́ láìsí ìléru, nínú ooru tí ó wà nínú yàrá lásán. Ìlẹ̀kùn èyí ṣí ní 1976, nígbà tí John Goodenough, H. Y-P. Hong àti J. A. Kafalas ní Lincoln Laboratory ti MIT ní Amẹ́ríkà ṣe ohun amọ̀ kan tí a wá ń pè ní NASICON. Kò dàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan. Ọ̀nà rẹ̀ lọ sí òkè, ó lọ sí ìsàlẹ̀, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ọjà tí ènìyàn lè gba ibi gbogbo wọ̀. Wọ́n mú ohun kan tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, wọ́n yọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi sílíkọ́ọ̀nù, èròjà inú iyanrìn, rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń fẹ̀ sí i, tí sódíọ̀mù púpọ̀ sí i sì ń wọlé. Bí sílíkọ́ọ̀nù bá gba àyè méjì nínú mẹ́ta, ìrìn sódíọ̀mù yóò dára jù. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó tún ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ka èròjà NASICON lórí ìka: sódíọ̀mù, sìkóníọ̀mù, sílíkọ́ọ̀nù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ọ́síjìn. Sódíọ̀mù wà nínú káún. Iyanrìn kò tán ní Sàhárà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà ní Tahoua ní ilẹ̀ yìí, Togo sì ti ń wà á ní Hahotoé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń kó o gba Kpémé jáde. Sìkóníọ̀mù wà nínú iyanrìn tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti wa tánńganran ní Jos. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Pé iṣu wà lóko kò wí pé iyán ti wà nínú àwo. Gbogbo èròjà wọ̀nyí ni a ní láti sọ di mímọ́ dáadáa, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ àjèjì sí apá ayé yìí.

Ìlọ́po mélòó ni àwọn onímọ̀ ti mú ìrìn náà yára? Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Osaka ní Japan mú ohun kan tí a fi sódíọ̀mù, antimónì àti imí ọjọ́ ṣe, wọ́n sì yọ nǹkan bí átọ́ọ̀mù antimónì 12 nínú 100 kúrò, wọ́n fi tọ́ńgísíténì rọ́pò wọn, irin tí a fi ń ṣe okùn tín-ín-rín inú gílóòbù àtijọ́. Nítorí bí agbára inú tọ́ńgísíténì ti rí, bí ọ̀kan bá ti wọlé, sódíọ̀mù kan ní láti jáde, yàrá kan a sì ṣófo. Yàrá díẹ̀ tí ó ṣófo yìí ti tó. Ìrìn sódíọ̀mù nínú rẹ̀ yára ju ti lítíọ̀mù lọ nínú gbogbo òkúta tí a mọ̀ ní ìgbà náà. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé ẹni tí ó tóbi jù ni ó sáré jù. Ìdí rẹ̀ ni pé sódíọ̀mù kì í di àwọn aládùúgbò rẹ̀ mú pinpin bí lítíọ̀mù ti ń ṣe, kò sì ṣòro fún un láti dágbére.

Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní Chicago àti Singapore ròyìn ọ̀nà mìíràn tí inú alágbẹ̀dẹ yóò dùn sí. Irú ohun kan wà tí ọ̀nà inú rẹ̀ máa ń fẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, tí ó sì ń padà fún nígbà tí ó bá tutù. Wọ́n mú un gbóná, wọ́n sì mú un tutù lójijì kí ó tó ráyè padà sí bí ó ti wà, bí alágbẹ̀dẹ ti ń ki irin pípọ́n bọ inú omi. Ọ̀nà náà sì wà ní fífẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi tìkára mi kò fi ọkàn mi sí èyí tí ó yára jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fi imí ọjọ́ ṣe ni kò lè fara da ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́: wọn a máa tú afẹ́fẹ́ olóró tí ó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà jáde, inú yàrá tí a gbẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ pátápátá ni a sì ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. NASICON falẹ̀ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n a lè ṣe é ní gbangba. Ní ibi tí owó kò pọ̀, ohun tí ó lè fara da afẹ́fẹ́ ni mo yàn.

Iṣẹ́ amọ̀kòkò sì ni NASICON jẹ́ ní tòótọ́. A ó lọ èròjà rẹ̀ kúnná, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, a ó sì sun ún nínú ìléru tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,200. Nínú irú iná bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù a máa fẹ́ lọ bí èéfín, nítorí náà ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi sódíọ̀mù díẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá jáde, kì í ṣe òkúta kan ṣoṣo ni. Hóró kéékèèké ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, ibi tí hóró méjì sì ti pàdé ni sódíọ̀mù ti ń há. Títì ńlá wà nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹnubodè ni ó dí. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọdún àìpẹ́ yìí jẹ́ láti tún ẹnubodè yìí ṣe: a fi èròjà tí ó ń yọ́ bí gíláàsì díẹ̀ sí i kí ó lè dí àlàfo, a dín iná ìléru kù, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ra nígbà tí ó ń gbóná lọ́wọ́.

Ẹnubodè tí ó le jù ni èyí tí ó wà láàrin ògiri àti ilé. Omi a máa kan gbogbo ojú ohun tí a bá dà á sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àwo kan lé orí àwo mìíràn, ojú díẹ̀ péré ni wọ́n ti kan ara wọn. Sódíọ̀mù rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi ọ̀bẹ gé e, síbẹ̀ bí ó bá ti ń kúrò ní ojú ògiri, a máa fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí a bá kán an lójú nígbà tí ó ń padà, ojú díẹ̀ tí ó ṣì kan ara wọn ni gbogbo rẹ̀ yóò rọ́ gbà, yóò sì hu ọwọ́ tín-ín-rín wọ inú ògiri bí gbòǹgbò igi odán, títí yóò fi yọ sí ilé kejì. Ọjọ́ tí ó bá yọ sí ilé kejì ni bátìrì kú. Àwọn kan ń dán ojú ògiri náà kí wọ́n tó lò ó, àwọn mìíràn ń fi irin mìíràn bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn mìíràn ń sun ún ní ìpele méjì, ọ̀kan tí ó dí àti ọ̀kan tí ó ní ihò bí kànrìnkànrìn, kí sódíọ̀mù lè rí ọ̀pọ̀ ojú dì mọ́. A kò tí ì borí rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé a ti borí rẹ̀, ọjà ni ó ń tà.

ÌHÀ TÍ OORU WÀ

Mo ti sọ pé ooru Niamey ni ó ń pa bátìrì wa. Ẹ wá wo bí òkúta ṣe yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ooru ni ó ń fún áyọ́ọ̀nù ní agbára láti fò láti yàrá dé yàrá. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ fún NASICON, ìrìn sódíọ̀mù ní ìwọ̀n 45 Celsius yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìwọ̀n 25. Ohun tí onímọ̀ ní Boston tàbí Osaka ní láti fi iná mọ̀nàmọ́ná pèsè fún bátìrì rẹ̀, ọ̀sán Niamey fi ń ta wá lọ́rẹ. Èmi kò sọ pé ooru kò ní ba ohun mìíràn jẹ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ohun tí a ní láti dán wò, ibi tí ó sì yẹ kí a ti dán an wò ni ibi tí ooru wà.

Ní ẹ̀yìn omi yìí kan náà ni Yunifásítì Abdou Moumouni wà. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é, Abdou Moumouni Dioffo, tí a bí ní 1929 tí ó sì kú ní 1991, jẹ́ onímọ̀ físíìsì tí ó darí ONERSOL, ibùdó ìwádìí agbára oòrùn tí ilẹ̀ Niger dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gbé omi gbóná, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ń fi agbára oòrùn ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà jáde ní 1964. Ó fẹ́ kí ẹ̀kọ́ máa wà ní èdè àwọn ọmọ Áfíríkà, bóyá ìyẹn ni ó sì fún èmi náà ní ìgboyà láti máa pe áyọ́ọ̀nù ní èdè Yorùbá níwájú yín.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwádìí yìí ju agbára wa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọkọ̀ òfuurufú nílò owó orílẹ̀-èdè kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ sun NASICON nílò ìléru rere, ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ lẹ́búlẹ́bú, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìrìn iná nínú ohun tí ó sun, àti ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta tí a kò ní gba ìwé lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọdún kan pé owó ti tán. Sokoto kò jìnnà sí ibí, ibùdó ìwádìí agbára sì wà ní yunifásítì ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Ìlú méjèèjì ní ooru kan náà, wọ́n ní èdè Hausa pọ̀. Kí ni ó dí wọn lọ́wọ́ láti fi ìléru kan ṣe àjọlò?

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn aṣòfin wa nílé, ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń lọ sílé fún ọdún ẹ bá mi jẹ́ ẹ fún wọn. Nígbà tí ìjọba bá ra bátìrì fún ilé ìwòsàn, tàbí tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bá gba ìwé àṣẹ láti gbé òpó kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé díẹ̀ nínú bátìrì náà yóò lọ sí yunifásítì kan nílẹ̀ wa, kí wọ́n dán an wò nínú ooru wa fún ọdún kan, kí èsì rẹ̀ sì jẹ́ tiwa. Èyí kò ní ná ìjọba ní owó púpọ̀. Òun ni yóò sì dá àwọn ọmọ sílẹ̀ tí yóò mọ̀ bí inú bátìrì ti rí, kí ọjọ́ tí òkúta sódíọ̀mù bá di ohun títà má bá wa ní ipò tí bátìrì Pretoria bá wa.

Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ jókòó níwájú, mo mọ̀ pé ìbéèrè yín ni pé kí ni kí ẹ rà lónìí. Bátìrì sódíọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jà. CATL ti ilẹ̀ China kéde tirẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n omi ni ó wà nínú ògiri irú bátìrì yìí, kì í ṣe òkúta. Bí olùtajà kan bá sọ fún yín pé òkúta ni ó wà nínú tirẹ̀, kí ẹ ní kí ó fi ìwé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é hàn yín. Ìyówù tí ẹ bá fẹ́ rà, olójé, lítíọ̀mù tàbí sódíọ̀mù, ẹ bi í léèrè pé ìwọ̀n ooru wo ni ọdún tí ó ń dárúkọ yìí dúró lé lórí. Bí ó bá ní 25 ni, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yìn omi ni ẹ ń gbé, kí ó sọ iye ọdún rẹ̀ ní 40, kí ó sì kọ ọ́ sórí ìwé ìsanwó yín.